Kí lẹ ń pe dayálísíìsì ní Yorùbá? “Fífọ kíndìnrín” ti kó mi sí wàhálà

ỌmọÌjẹ̀bú_London, ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì.

Màmá mi ti pé ẹni ọdún 71. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ló wá ba kíndìnrín jẹ́. A lọ rí dókítà ní London níbí. Wọ́n ní àwọn á fi fóònù pe ògbufọ̀ fún Màmá, fóònù ń já ṣáá, ni dókítà bá ní kí n kúkú bá àwọn túmọ̀. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí tó fi kan “dialysis”. Mo ní, “Màmá, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa bá yín fọ kíndìnrín.”

Màmá wò mí, wọ́n wo dókítà. Wọ́n ní, “Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ìgbà wo ló tún máa dọ̀tí?”

Mo túmọ̀ ìbéèrè yẹn. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì sí ọjọ́ tí àwọn á sọ pé ó tó. Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Aṣọ wo lèèyàn ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tí kò mọ́? Ẹ sọ fún un pé kò mọ ìfọ̀.” Wọn ò fọwọ́ sí ìwé. A gbé ara wa wálé.

Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ tí mo lò ló bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń pè é?


Ìbàdàn_Gbáko, ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Fífọ kíndìnrín náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ la bá a. Ẹ bẹ Màmá kí wọ́n lọ ṣe é jàre. Olódùmarè á ṣe é ní àṣeyè.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ìdí ẹ̀rọ dayálísíìsì yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 11, l'Ékòó. Mi ò fẹ́ràn “fífọ kíndìnrín” rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan kíndìnrín. Ó wà lẹ́yìn níbi tí Ọlọ́run fi í sí, bó ṣe dákẹ́ náà ló dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ là ń gbà jáde. Abẹ́rẹ́ méjì la máa ń gún sí apá, wọ́n nípọn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ abẹ́rẹ́ ibà. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde gba inú rọ́bà lọ sídìí ẹ̀rọ, èkejì ń dá a padà sára. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an wà láàárín méjèèjì: ike gbọọrọ kan tó gùn tó rúlà ọmọ iléèwé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn oníhò ló kún inú ẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ihò okùn wọ̀nyẹn kọjá, omi tí a ti wọn iyọ̀ sí ń ṣàn lẹ́yìn wọn, ó ń ti òdìkejì bọ̀. Ìdọ̀tí á yọ́ gba ara okùn bọ́ sínú omi, omi á gbé e lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń wà níta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ju bíi ife tíì kan lọ. Ṣùgbọ́n omi tí ẹnì kan ń lò kí wákàtí mẹ́rin tó pé tó 120 lítà. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà márùn-ún nílẹ̀. Omi yẹn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ omi tá a kàn pọn lẹ́nu ẹ̀rọ, iyàrá kan odidi la yà sọ́tọ̀ fún sísẹ́ ẹ. Tí iná bá sì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè gbé e, ọwọ́ la fi ń yí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń lọ ata, kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn má bàa dì sínú rọ́bà.

Ohun tó jẹ́ kí n kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn rèé. Bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ wú, ojú wú, wọn ò lè dùbúlẹ̀ sùn. A ṣe é fún wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ̀ fọn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá wa ṣàwàdà. Ni wọ́n bá dúpẹ́, wọ́n ní kíndìnrín ti mọ́, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi gbé wọn padà, èémí ti ń le. Ìyàwó wọn ń bi wá pé, “Ṣé ẹ ò fọ̀ ọ́ dáadáa ni?” A ò rí wọn gbà là.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹni tó bá sọ “fọ̀” fún aláìsàn, òun náà ni kó ṣàlàyé fún ìyàwó ẹ̀.


Olùkọ́_Ọ̀yọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ “dialysis” náà dé orísun. Èdè Gíríìkì ni, ohun tó túmọ̀ sí ni ìtúsílẹ̀, ìyapa nǹkan kúrò lára nǹkan. Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Scotland, ló kọ́kọ́ lò ó fún irú iṣẹ́ yìí ní 1861, kò sì sí aláìsàn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ó kàn rí i pé bí òun bá fi bébà kan tó dà bí awọ la omi méjì láàárín, àwọn nǹkan kan á gba ara bébà kọjá, àwọn mìíràn ò ní lè kọjá. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn Jámánì wà lórí ilẹ̀ Họ́láńdì, nígbà tí dókítà Willem Kolff ní ìlú Kampen ṣe ẹ̀rọ tiẹ̀ ní 1943. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di sọ́sééjì ló wé mọ́ àgbá tó ń yí nínú omi. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó fún kú, ó di 1945 kí obìnrin kan tó là á já. Ẹ wá rí i, kò sí “fífọ̀” nínú orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àbá tèmi: ìsẹ́-ẹ̀jẹ̀. A ń sẹ́ ògì, a ń sẹ́ àgbo, a ní asẹ́ nílé. Gbogbo ẹni tó dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tí asẹ́ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò bi mí. Orúkọ kíndìnrín fúnra ẹ̀ ti yí. Nínú Bíbélì Mímọ́ ti Yorùbá, Léfítíkù 3:4, “iwe méjèèjì” ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alápatà lónìí tí ẹ ní kó gé iwe fún yín, á ní òun ò ta adìẹ.


Ìbàdàn_Gbáko, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Bébà sọ́sééjì kẹ̀! Òyìnbó ò ní pa mí.


Alógì_Mọ́kọlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ó jọ pé ẹ ò sẹ́ ògì rí, ẹ̀ ń mu ún ni.

Tí mo bá sẹ́ ògì, ohun tó kọjá lójú asẹ́ ni mò ń fẹ́, òun ló ń di ẹ̀kọ. Èyí tó kù lórí asẹ́, èèrí ni, ẹran ló ni ín. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, òdì kejì ẹ̀ gan-an ni: ìdọ̀tí ló ń kọjá, ẹ̀jẹ̀ rere ló ń kù. Tí ẹ bá sọ “ìsẹ́” fún ìyá arúgbó tó mọ ògì sẹ́, á bi yín pé ta ló máa kó èèrí.

Ohun tó jọ ọ́ lójú tèmi ni ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sá. Tí ẹ bá rà á, ẹ kò lè sè é bẹ́ẹ̀, iyọ̀ á pa yín. Ẹ̀ ń rẹ ẹ́ sómi ni. Ẹnikẹ́ni ò fún un, ẹnikẹ́ni ò họ ọ́, iyọ̀ ń fúnra ẹ̀ jáde bọ́ sínú omi. Tó bá ṣe díẹ̀, omi náà á ti níyọ̀ tán, iyọ̀ ò ní jáde mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ da omi yẹn nù, kí ẹ bu òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi ń pààrọ̀ omi tèmi.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Ìyá Alógì!!! Ọdún 11 ni mo fi ń wá irú àpèjúwe yìí. Ohun tó jẹ́ kí omi wa máa ṣàn tí kì í dúró nìyẹn gan-an: tó bá dúró, òun àti ẹ̀jẹ̀ á dọ́gba, iṣẹ́ á parí. Mo máa mú ọ̀rọ̀ ẹja yìí lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ òní.


Olùkọ́_Ọ̀yọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Mo gbà. Mo jẹ̀bi. Ẹ̀kọ mímu ni mo mọ̀ lóòótọ́.


ỌmọAlágbo, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. “Fọ̀” yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbé e. Bàbá mi ta àgbo fún 40 ọdún. Àgbo tó ń fọ ikùn, èyí tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń fọ ilé ọmọ. Ìgbà tí iléèwòsàn gbé ẹ̀rọ tiwọn dé, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí aráàlú á gbọ́, wọ́n bá “fọ̀” nílẹ̀, wọ́n mú un. Ní báyìí, ẹni tó ń polówó nínú dánfó ń sọ pé òun ní ìgò kan tó ń fọ kíndìnrín ní ₦1,500, ẹ̀rọ yín ń fọ̀ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. Èwo ni kí mẹ̀kúnnù mú?

Ẹ má tì í sí wa lọ́rùn nìkan. Bàbá mi kì í fún ẹni tí ojú àti ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wú ní àgbo. Wọ́n á ní, “Èyí ti kọjá ọwọ́ mi, ẹ gbé e lọ ọsibítù.” Àwọn oní-ìgò inú ọkọ̀ ò ní bàbá tó kọ́ wọn.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 alẹ́

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ṣe dáadáa. Mi ò kúkú sọ pé àgbo nìkan ni. Àwọn tí mò ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí wọn ò tọ́jú ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ bí ẹ̀pà náà wà níbẹ̀, ìpara abóra tó ní mákúrì náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ń kú lọ, tó wá lọ fi ìgò inú ọkọ̀ “fọ̀ ọ́”, ó ti fi epo sí iná.


Ẹ̀gbá_Alákẹ́, ọjọ́ Ọjọ́rú, 8:50 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Oṣù kẹjọ 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn gé e láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn iléèwòsàn wọn kan, UCH Ìbàdàn wà níbẹ̀, FMC Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ₦150,000 di ₦36,000. Ó dára, àmọ́ ta ni owó oṣù ẹ̀ gbé ₦36,000 lọ́sẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí ìgbà tí ara bá le. Orúkọ kọ́ ló ń pa wọ́n.


ỌmọÌjẹ̀bú_London, ọjọ́ Ọjọ́rú, 9:20 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbá. Níbí wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Màmá. Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló dí wọn lọ́nà.


Kétu_Ilé, ọjọ́ Ọjọ́rú, 11:08 àárọ̀

Ẹ kú o. Àwa ará Kétu lápá Bẹ̀nẹ̀, díálíìsì là ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe pè é. Tí wọ́n bá ní lágbájá ti ń lọ Kutọnu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo èèyàn ti mọ ohun tó ń lọ ṣe. A ò túmọ̀ rẹ̀. Bóyá ó sàn bẹ́ẹ̀.


Ẹni_Ọdún_6, ọjọ́ Ọjọ́rú, 7:45 alẹ́

Mo ti ń kà yín láti ọjọ́ Ajé, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀, ọdún kẹfà rèé.

Láàárín àwa tá a jọ ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń pè é ní fífọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní dayálísíìsì. “Mò ń lọ sídìí ẹ̀rọ.” “Ọ̀la lọjọ́ ẹ̀rọ mi.” Ó parí. Apá mi òsì ni wọ́n ti so iṣan méjì pọ̀. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, ẹ á gbọ́ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ awọ, bí ẹni gbé fóònù tó ń ké sínú àpò. Ọmọ ọmọ mi máa ń gbé etí lé e, ó ní bàbá àgbà ní ẹ̀rọ ìlọta lápá. Àràárọ̀ ni mo ń fọwọ́ bà á kí n tó kírun. Tí kò bá gbọ̀n, mo ti mọ̀ pé ilé ọsibítù ni mò ń lọ.

Ẹ sọ èyí fún Màmá, nítorí dókítà ò ní sọ ọ́: òùngbẹ ni baba gbogbo ẹ̀. Wọ́n wọn omi fún mi. Mo ń la yìnyín bí ọmọdé. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ń rẹ̀ mí títí ilẹ̀ á fi ṣú, lọ́jọ́ kejì ara á wá yá gágá.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tuntun ni pé ẹ̀rọ yẹn, adelé ni. Kíndìnrín lọba. Ọba ti wàjà, tàbí ó ń ṣàìsàn tí kò lè jókòó sórí ìtẹ́ mọ́. Ìlú ò lè wà láìsí alákòóso, ni wọ́n bá fi adelé síbẹ̀. Adelé ò sọ pé òun wo ọba sàn. Ọjọ́ tí adelé bá kọ̀ tí kò wá, ìlú á dàrú.


Olùkọ́_Ọ̀yọ́, ọjọ́ Ọjọ́rú, 8:10 alẹ́

Adelé! Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀.

Ẹ ò mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Ẹ rántí “kògbóògùn” tí a fi pe àrùn éèdì. Nígbà tí a sọ ọ́ lórúkọ yẹn, bóyá ó jóòótọ́. Oògùn wá dé, àwọn tó ń lò ó ń gbé ayé wọn, ń bímọ, ń ṣiṣẹ́, orúkọ náà ò lọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún lónìí pé ó ní kògbóògùn, ṣé á tún lọ gba oògùn? “Fífọ kíndìnrín” náà ń parọ́, kìkì pé irọ́ tiẹ̀ dùn ún gbọ́.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Ọjọ́rú, 11:30 alẹ́

Adelé bá a mu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọba ladelé ń ṣe. Kíndìnrín tó yè ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn ṣe, ìdí nìyẹn tá a fi ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ kan tó ń pe ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá túmọ̀ tó dáa fún: “pípààrọ̀ kíndìnrín”. Kò sí pàṣípààrọ̀ níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í yọ méjì àtijọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn aláìsàn máa ń bi mí pé ibo la kó àwọn tiwọn sí, wọ́n ń fura pé a tà á.


Ìbàdàn_Gbáko, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 7:15 àárọ̀

Ọba mẹ́ta láàfin kan. Ẹ wá olóyè tó máa yanjú ìyẹn.


ỌmọÌjẹ̀bú_London, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo jókòó ti Màmá. Mo ní, “Màmá, mo ṣì yín lọ́nà lọ́jọ́sí. Wọn ò fẹ́ fọ nǹkan kan. Kíndìnrín yín ò lè ṣèjọba mọ́, adelé ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀.” Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n ní, “Ta ló wá máa jọba?” Mo ní ó ṣeé ṣe kó má sí ọba tuntun ní ọjọ́ orí wọn, pé dókítà ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbọ́kàn lé e. Wọ́n ní, “Ìlú tí adelé ti ń ṣe é fún ogún ọdún kò sí ni?”

Wọ́n wá bèèrè ọjọ́ tí adelé ń jókòó. Mo ní Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Wọ́n ní rárá o, àwọn ò ní fi Jímọ̀ ṣòfò lórí àga ẹnikẹ́ni. Mo pe ọsibítù láàárọ̀ àná, wọ́n ní àwọn kan wà tó ń wá ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta. Màmá ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn síbẹ̀, àmọ́ àwọn á kọ́kọ́ fojú ara wọn rí ẹ̀rọ náà kí àwọn tó fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń lọ. Mo ti sọ fún wọn nípa apá Ẹni_Ọdún_6 tó ń gbọ̀n, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tí àwọn á gbé ọwọ́ lé.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: ṣé wọ́n lè máa jẹ ọsàn? Odidi àpò kan ni wọ́n rà lọ́jà láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lágbára de adelé.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:22 alẹ́

Háà, Màmá! Potasíọ̀mù pọ̀ nínú ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í lè lé e jáde, tó bá sì pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, ọkàn ló ń dá dúró. Ẹ fọgbọ́n pín àpò yẹn fún àwọn aládùúgbò lálẹ́ òní. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn, á wo àbájáde ẹ̀jẹ̀ wọn, á sì sọ iye tí wọ́n lè jẹ. Iṣu náà, ẹ bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń sè é.